Ẹnu Ọ̀pá Tí Wọn Kì Í Nù

Ní ilé-iṣẹ́ ìfẹ́gò náà, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹnu fẹ́ ìgò yíyọ́ títí á fi wú di ife tàbí ìgò, inú rírun kì í ṣe àìsàn, ẹ̀wù iṣẹ́ ni. Bí wọ́n bá gbà ọ́ wọlé, wọn á fún ọ ní bàtà líle àti awọ tí wọ́n ń so mọ́ àyà kí iná má baà ta sí ọ lára. Tó bá ṣe díẹ̀, inú náà á fún ọ ní tirẹ̀. Àyà á máa ta ọ́ lẹ́yìn oúnjẹ bí ẹni pé o gbé ẹyin iná mì. Gùfẹ̀ kíkan á máa ti ọ̀fun yọ nígbà tí o bá ń bá ọ̀gá sọ̀rọ̀. Oúnjẹ tó o jẹ láàárọ̀ á ṣì jókòó sínú rẹ lọ́sàn-án bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kí òun dìde.

Agolo kan wà lójú fèrèsé lẹ́yìn iléru, tó kún fún oògùn funfun tí wọ́n ń rún lẹ́nu bí ẹfun. Gbogbo ọwọ́ ló ń wọ inú rẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì máa bù níbẹ̀, ọmọdé ṣì ni lẹ́nu iṣẹ́; ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ bù ú, wọn á pàtẹ́wọ́ fún un, wọn á ní ó ti di ọ̀gá kékeré. Inú afẹ́gò ni wọ́n ń pe ìrora náà, bí ẹni ń pe orúkọ ìdílé. Ẹ wo irú òmùgọ̀ tí a ń dà tí a bá ti pọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tí inú ń run á wá oníṣègùn lọ. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí gbogbo ilé máa fọwọ́ di ikùn mú, wọn á sọ ọ́ di àwàdà, wọn á sì máa fi yangàn sí ẹni tí inú rẹ̀ dá.

Ọ̀gá pátápátá níbẹ̀ ni ọkùnrin tí gbogbo wọn ń pè ní Bàbá Ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọjọ́ pípẹ́ tó ti ń fẹ́ ìgò ti na awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ débi pé, tí kò bá fẹ́ nǹkan kan, ńṣe ni wọ́n ń rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu bí àpò òfìfo. Ṣùgbọ́n jẹ́ kó fi ẹnu kan ọ̀pá ìfẹ́gò. Wọ́n á wú, wọ́n á le, wọ́n á máa dán bíi pé òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń fi ìgò ṣe. Ẹ̀kọ́ tó kọ́kọ́ ń kọ́ ẹni tó bá wá kọ́ṣẹ́ ni pé kó fi àyà rẹ̀ sílẹ̀ nílé. Ó ní àyà ń bínú, ó ń ti ìgò bí ẹni ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló mọ ìwọ̀n. Kí afẹ́fẹ́ gba imú wọlé, kó dúró sẹ́nu, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ máa tì í wọ inú ọ̀pá díẹ̀díẹ̀. Àwọn yòókù gbìyànjú títí, wọn ò mọ̀ ọ́n ṣe dé ibì kankan. Tí ìgò bá ti tóbi díẹ̀, wọn á máa ṣe bí ẹni ń fẹ́ iná igi tútù, àyà wọn á máa lọ sókè sódò. Bàbá nìkan ló lè fẹ́ ìgò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ má mira.

“Kò sí ìgò tó mọ bí àyà mi ṣe rí,” bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí, tí á sì bù nínú agolo.

Ọ̀pá irin gígùn ni wọ́n ń lò, tó ní ihò láti ìdí dé orí. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Abùná ló ń fi ọ̀pá bu ìgò yíyọ́ nínú iléru. Òun ló ń kọ́kọ́ fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan kí inú rẹ̀ lè là, á sì na ọ̀pá sí Bàbá. Bàbá á gbà á sẹ́nu lójú ẹsẹ̀, nítorí ìgò kì í dúró de ẹnikẹ́ni, ó ń tutù lọ ni. Tí Bàbá bá fẹ́ ẹ tán, á gbé e fún ẹni tó ń ṣe ọrùn ìgò, òun náà á fi ẹnu kàn án. Ọ̀pá kan, ẹnu mẹ́ta, itọ́ kan náà. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ nù ún. Kí èèyàn nu ẹnu ọ̀pá kó tó fi sẹ́nu, àfi bíi kó wo ojú ọ̀gá rẹ̀ kó sọ fún un pé ẹnu rẹ̀ ń rùn. Abùná ṣe é rí nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Apá ẹ̀wù ló fi nù ún, kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ṣe é. Bàbá gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ẹ́, ó sì nawọ́ sí ìgbálẹ̀. Abùná gbálẹ̀ títí ojú fi tì í tán.

Abùná yìí kan náà ló padà wá fẹ́ ọmọ Bàbá, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí. Òun náà ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Nídìí òkúta ìlọ̀ ló ń jókòó, tó ń fi ẹsẹ̀ yí i, tó ń lọ ẹnu ìgò kó má baà gé ètè ẹni tó bá mu nǹkan níbẹ̀. Ata Wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ó kéré lára, ẹnu rẹ̀ ò kéré. Ọkọ rẹ̀ máa ń sọ pé ẹnu ìgò nìkan ni ìyàwó òun ń lọ kó dán, pé tòun tirẹ̀ ń mú sí i lójoojúmọ́ ni.

Ìyá Ata Wẹ́wẹ́ ti kú. Inú ló pa á. Dókítà pè é ní jẹjẹrẹ ikùn, nígbà tí obìnrin náà ti gbẹ débi pé ọwọ́ kan ni ọkọ rẹ̀ fi ń gbé e lọ sí balùwẹ̀. Ife kan wà tí Bàbá fẹ́ fún un nígbà tí wọ́n ṣì ń fẹ́ra wọn sọ́nà, ife aláwọ̀ ewé tó fẹ́lẹ́ tó fi jẹ́ pé wàá rí ìka ara rẹ ní òdì kejì. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbéra wọn sílé, inú rẹ̀ ni àwọn méjèèjì ti ń mu omi. Ìyàwó á mu ìdajì, ọkọ á mu ìyókù. Ó ṣì wà lórí pẹpẹ ní yàrá Bàbá, inú rẹ̀ náà ló sì ń mu omi di ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀.

Oníléru, ọkùnrin tó ń ṣọ́ iná, ló já àwàdà gbà lẹ́nu wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ṣí ilẹ̀kùn iléru, ó sì bì. Ohun tó kọ́kọ́ jáde dúdú bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí. Èyí tó tẹ̀ lé e pọ́n. Ilẹ̀ ibẹ̀ gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ náà fi gbẹ kí wọ́n tó bu omi dé. Wọ́n gbé e, ṣùgbọ́n òkú ni wọ́n gbé dé ilé ìwòsàn. Nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, oògùn funfun ló kún gbogbo àpò ṣòkòtò rẹ̀, òmíràn ti fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí ìyẹ̀fun.

Ilé ìwòsàn rán nọ́ọ̀sì kan sí wọn. Obìnrin tó sanra díẹ̀ ni, bàtà rọ́bà ló ń wọ̀, kò sì fẹ́ràn kí wọ́n já lu ọ̀rọ̀ òun. Ó kó wọn jọ sídìí àwọn àpótí ìgò, ó sì là á mọ́lẹ̀ fún wọn. Ó ní kòkòrò kan wà tí ojú ò lè rí, inú ikùn ló ń gbé, omi kíkan ibẹ̀ tó ń jó oúnjẹ kò lè jó o. Ó ní ní ibi púpọ̀ láyé, tí èèyàn bá kó àwọn tí oúnjẹ kì í dà nínú wọn jọ, á bá a lára ìdajì wọn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó pọ̀ jù ti kó o láti kékeré, nínú ilé tí wọ́n bí wọn sí, wọn kò sì ní mọ̀ títí wọn yóò fi kú sí ohun mìíràn. Ti àwọn kan á gbẹ́ ọgbẹ́ sínú ikùn wọn, irú èyí tó pa Oníléru. Ti àwọn díẹ̀ á di jẹjẹrẹ.

Ó ní ó lè ti ẹnu dé ẹnu. Kò sẹ́ni tó wo ọ̀pá. Gbogbo wọn ló mọ̀ọ́mọ̀ ń wo ilẹ̀.

Bàbá Ẹ̀rẹ̀kẹ́, tó ti ń tòògbé láti ìbẹ̀rẹ̀, gbé orí sókè. “Tọkọtaya ńkọ́?”

Nọ́ọ̀sì ní tí wọ́n bá ń gbé inú ilé kan náà, wọ́n lè kó o ran ara wọn. Bàbá na ọwọ́ sẹ́yìn sí agolo lójú fèrèsé, ó sì fa ọwọ́ padà láìbù ú. Ọmọ rẹ̀ rí i.

Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n fi gbogbo oògùn inú sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí ó lè fi kòkòrò náà pamọ́ fún ìdánwò. Ata Wẹ́wẹ́ gbé agolo náà lọ sílé rẹ̀, ó sì tì í mọ́ inú àpótí aṣọ. Ọ̀sẹ̀ méjì náà kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ rántí. Àwọn àgbà ọkùnrin ń bẹ̀ ẹ́ bí ọmọ tó ń bẹ ìyá rẹ̀ fún súìtì. Ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ kú lọ kú sí ibi tí wọn ò ti ń yọ́ ìgò, kó má ba iṣẹ́ jẹ́. Ọkọ rẹ̀ pàápàá kò rí ọ̀kan gbà.

Ọjọ́ ìdánwò, wọ́n tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á mu oògùn olómi díẹ̀ nínú ife, á jókòó, á sì fẹ́ èémí rẹ̀ sínú àpò kan tó ń dán bíi fàdákà. Nọ́ọ̀sì ń sọ ọ́ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n mí kanlẹ̀, kí wọ́n dá a dúró, kí wọ́n wá fẹ́ ẹ láti ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, pé ìparí èémí ni òun ń wá, kì í ṣe afẹ́fẹ́ ẹnu. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹ wo ẹni tó ń kọ́ afẹ́gò bí a ṣe ń fẹ́ nǹkan. Síbẹ̀ wọ́n ṣe bó ṣe wí, nítorí kò sí bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n ṣe jù bẹ́ẹ̀ náà lọ: wọ́n fi àyà gbá a, ojú wọn yọ, àpò kún.

Ó kan Bàbá.

“Ọmọ mi,” ó sọ fún nọ́ọ̀sì, “kí bàbá rẹ tó mọ ìyá rẹ ni mo ti ń fẹ́ nǹkan.”

Ó fi ìka méjì péré di àpò náà mú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú. Àpò náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò fò, kò mì, ó yọ bí òṣùpá, ó rí roboto láìní ìhunjọ kan lára. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Abùná ní kí wọ́n so ọrùn mọ́ ọn kí wọ́n tà á. Ẹ̀rín pa nọ́ọ̀sì náà, ó dé e lẹ́nu, ó fi sínú àpótí pẹ̀lú àwọn yòókù.

Nígbà tí èsì dé, kòkòrò wà lára gbogbo wọn. Abùná ní in, Ata Wẹ́wẹ́ ní in, ẹni tó ń ṣe ọrùn ní in, obìnrin tó ń di ìgò sínú koríko gbígbẹ ní in. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò ní in, Bàbá. Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ó máa ń ṣẹlẹ̀.

Bàbá ò fò sókè. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà Ata Wẹ́wẹ́ gbé oúnjẹ lọ fún un. Kó tó kan ilẹ̀kùn, ó gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ nínú yàrá, ó dúró. Ó yọjú níbi ihò ilẹ̀kùn. Bàbá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó dojú kọ pẹpẹ, ó gbé ife aláwọ̀ ewé náà lé orúnkún.

“Kì í ṣe èmi,” ó ń wí fún ife náà. “Ṣé o gbọ́? Kì í ṣe èmi.”

Ata Wẹ́wẹ́ gbé oúnjẹ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì padà lọ sílé láìkanlẹ̀kùn.

Àwọn yòókù lo oògùn wọn. Oògùn burúkú ni, ó ń mú kí ẹnu rí bí ẹni ń lá kọ́kọ́rọ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Ṣùgbọ́n inú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́, lọ́kọ̀ọ̀kan. Abùná jẹ ẹ̀wà lálẹ́, ó sùn, ó jí, kò sí nǹkan kan tó ta á. Ńṣe ló jókòó sórí ibùsùn tó ń fọwọ́ kan ikùn bí ẹni tí ajá rẹ̀ sọnù. Ẹni tó ń ṣe ọrùn jẹ́wọ́ pé ti òun ò yí padà, inú ṣì ń run òun bíi ti tẹ́lẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí fún àwọn kan, pé kì í ṣe gbogbo inú rírun ni kòkòrò yìí ń fà. Ó sì ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ẹnu tirẹ̀, irin kékeré kan tí wọ́n á máa fi bọ ẹnu ọ̀pá tí wọ́n á sì máa yọ. Ó ní òun ò lè búra pé ọ̀pá ló kó o ràn wọ́n, ṣùgbọ́n òun ò rí ohun tó dára nínú kí àgbà mẹ́ta máa mu itọ́ ara wọn.

Bàbá kọ̀. Ó ní, “Èmi ni mo ti ń fi ẹnu kàn án kí ẹ tó dé, mo sì mọ́. Ta wá ni ọ̀pá kó o ràn?”

Ẹ fún un lésì, ẹ̀yin tó gbọ́n. Wọ́n bá ọ̀pá lọ bí ó ṣe wà, Abùná sì mọ̀ pé ìgbálẹ̀ ṣì wà níbi tó wà.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó mọ́ náà ń rù. Agolo ti padà sójú fèrèsé, òun ló sì ń bù ú jù wàyí. Ó lu ihò tuntun sí bẹ́líìtì rẹ̀, ó tún lu òmíràn. Ó máa ń jẹ bíi ṣíbí mélòó kan, á ní òun ti yó. Nígbà tí Ata Wẹ́wẹ́ lọ bá a fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó rí ohun tó wà nínú rẹ̀, dúdú bí ọ̀dà, tó ń lẹ̀ mọ́ ibi tó bá kàn. Ó ti rí irú rẹ̀ rí, nígbà tó ń tọ́jú ìyá rẹ̀. Ó bẹ Bàbá kó jẹ́ kí àwọn lọ sí ilé ìwòsàn. Bàbá ní inú afẹ́gò ni. Ata Wẹ́wẹ́ bú u, kò bínú. Ó ké, kò wò ó. Gbogbo ohun tó bá sọ, ìwé èsì yẹn ni Bàbá fi ń gbà á lẹ́nu: wọ́n ti wo òun, wọn ò rí nǹkan kan.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà yé Ata Wẹ́wẹ́, iṣẹ́ ló ń ṣe. Bàbá ń fẹ́ ìgò ńlá kan lọ́wọ́. Abùná dúró tì í, ó ń sọ fún un pé iná ti lọ sílẹ̀. Bàbá ò fẹ́ kí wọ́n dá òun lẹ́kun, kò sì fẹ́ gbọ́rọ̀, ló bá ń fi imú kọrin kó lè bo ohùn àna rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹnu rẹ̀ wà lórí ọ̀pá. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń ti afẹ́fẹ́, ìgò ń wú, imú ń kọrin. Orin náà ń lọ, ìgò náà ń wú. Ata Wẹ́wẹ́ gbé ojú lé àyà bàbá rẹ̀, níbi tí bọ́tìnnì ẹ̀wù wà. Kò mira.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí òkúta ìlọ̀. Ìgò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ já bọ́, ó fọ́. Ohun tí nọ́ọ̀sì wí ló ń pariwo lórí rẹ̀: ìparí èémí, kì í ṣe afẹ́fẹ́ ẹnu.

Ó fi awọ iṣẹ́ sára lọ sí ilé ìwòsàn. Nígbà tó sọ ọ́ tán, nọ́ọ̀sì jókòó. Ó ní àpò náà kún dáadáa, ohun tí òun wò nìyẹn, pé kò wá sí òun lọ́kàn pé èèyàn lè fẹ́ nǹkan kún báyẹn kí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ má bá a dá sí i. Ata Wẹ́wẹ́ ní kó má dá ara rẹ̀ lẹ́bi, pé gbogbo àwọn tó mọ̀ ọ́n wà níbẹ̀, àwọn ló sì ń pàtẹ́wọ́. Nọ́ọ̀sì ní kó mú un wá, kó má jẹ́ kó pẹ́.

Nírọ̀lẹ́ ó wọ yàrá bàbá rẹ̀, kò sì jókòó.

“Bàbá, ẹ ò fẹ́ àpò yẹn.”

“Kí wá ni mo ṣe fún un? Mo jẹ ẹ́?”

“Ẹ̀rẹ̀kẹ́ lẹ fi fẹ́ ẹ. Afẹ́fẹ́ inú ilé-iṣẹ́ lẹ gbé fún nọ́ọ̀sì. Ohun tó wà nínú yín, kò tíì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.”

Ojú Bàbá lọ sórí pẹpẹ.

“O fẹ́ kó jẹ́ èmi,” ó wí.

“Mo fẹ́ kí ẹ má kú.”

“Ìyá rẹ ò ṣe àìsàn kan rí kó tó wọ ilé mi.”

“Ìyá mi ti kú, Bàbá. Bó jẹ́ ẹ̀yin lẹ kó o ràn án, bó jẹ́ òun ló kó o ràn yín, bó jẹ́ ẹni tó fi oúnjẹ sí i lẹ́nu nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, ẹnikẹ́ni ò lè mọ̀ ọ́n mọ́. Kò ní jí nítorí pé ẹ mọ́. Ẹ̀yin lẹ ṣì ń mí, ẹ ò sì jẹ́ kí wọ́n gbọ́ èémí náà.”

Bàbá ní kó jáde. Kò pariwo mọ́ ọn. Ìyẹn ló dun Ata Wẹ́wẹ́ jù, nítorí ó ti múra ariwo sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá wá síṣẹ́ bíi pé wọn ò sọ nǹkan kan. Abùná bu ìgò, ó fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan, ó na ọ̀pá. Kí ọwọ́ Bàbá tó kàn án, Ata Wẹ́wẹ́ ti dé àárín wọn. Ó tú gèlè rẹ̀, ó di ẹnu ọ̀pá mú, ó sì nù ún. Ó nù ún yípo, ó ti ìka bọ inú ihò rẹ̀, ó tún nù ún. Lójú gbogbo ilé.

Ẹni tó ń ṣe ọrùn dìde dúró. Obìnrin tó ń di ìgò fi ọwọ́ bo ẹnu. Kò sí ohun tí Ata Wẹ́wẹ́ tíì sọ láyé rẹ̀ tó le tó ohun tó ṣe yẹn, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

“Gbogbo ìgbà tó bá dé ọwọ́ yín ni màá máa nù ún,” ó wí. “Ẹ lé mi sí ìdí ìgbálẹ̀, màá ti ibẹ̀ wá nù ún. Títí ẹ ó fi bá mi lọ.”

Ìgò tó wà lórí ọ̀pá ti ń pàwọ̀ dà. Ó rọ̀ sísàlẹ̀, ó fà gùn bí oyin, ó sì já bọ́ sílẹ̀. Bàbá wò ó títí pípọ́n rẹ̀ fi tán. Nígbà náà ló tú okùn awọ tó so mọ́ àyà, ó gbé e kọ́ ìṣó, ó sì ṣáájú ọmọ rẹ̀ jáde.

Ní ilé ìwòsàn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ò gbọ́ràn. Ó ti pẹ́ jù tó ti ń fi wọ́n ṣe é, bí àpò bá ti kan ètè rẹ̀, wọ́n ti wú nìyẹn, òun alára kì í tiẹ̀ mọ̀. Ata Wẹ́wẹ́ wá dúró níwájú rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀ mọ́ eyín, ó tẹ̀ ẹ́ gan-an, bí a ti í di ọmọ tó ń kọ oògùn mú. Awọ náà rọ̀ bí aṣọ tó ti gbó. “Ẹ fẹ́ ẹ,” ó wí. Bàbá fẹ́ ẹ. Àyà rẹ̀ gbéra, ó gbọ̀n, ikọ́ mú un. Ó tún fẹ́ ẹ. Omi ń dà lójú àwọn méjèèjì, kò sì sẹ́ni tó lè nu tirẹ̀, nítorí ọwọ́ wọn kún. Àpò náà kò rí roboto lọ́tẹ̀ yìí. Ó rún, ó wọ́, ó dà bí àpò ẹnikẹ́ni.

Kòkòrò náà wà níbẹ̀. Wọ́n ti okùn oníná bọ̀ ọ́ lọ́fun láti wo inú ikùn rẹ̀, ohun tí wọ́n sì rí níbẹ̀ kì í ṣe ọgbẹ́ nìkan. Dókítà sọ ọ́ ní ohùn jẹ́jẹ́, ó ní ó ti kọjá ikùn, ó ti dé ẹ̀dọ̀. Bàbá ò bi í bóyá òun á yè. Ó bi í bóyá ọ̀nà kan wà tí wọ́n lè fi mọ ẹni tó kọ́kọ́ ní in láàárín èèyàn méjì, bí ọ̀kan bá ti kú. Dókítà ní kò sí.

Níta, Ata Wẹ́wẹ́ bi nọ́ọ̀sì léèrè bóyá nǹkan ì bá yàtọ̀ ká ní àpò àkọ́kọ́ ti sọ òótọ́. Nọ́ọ̀sì lè parọ́ fún un, irọ́ náà ì bá sì wọlé. Kò pa á.

“N kò mọ̀,” ó wí. “Bóyá.”

Wọ́n ní kò pọn dandan kí Bàbá lo oògùn kòkòrò mọ́, pé ohun tó ń pa á ti kọjá ibẹ̀. Ó ní òun á lò ó. Ó lò ó tán, bó ṣe ń bì í náà ló ń gbé òmíràn mì, ó ní òun ò ní gbé kòkòrò náà wọ sàréè. Ife aláwọ̀ ewé ṣì wà lórí pẹpẹ, ṣùgbọ́n ó ti da ojú rẹ̀ bolẹ̀. Ife ike ló fi ń mu omi. Tí Ata Wẹ́wẹ́ bá ń tún yàrá ṣe, kì í fọwọ́ kàn án.

Nígbà tí ara gba Bàbá díẹ̀, ó ní kí wọ́n mú òun lọ síbi iṣẹ́. Abùná gbé e, ó fúyẹ́. Ẹnì kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ti ní ẹnu tirẹ̀ báyìí, irin kékeré tí wọ́n fi okùn so kọ́ ọrùn, tí wọ́n ń bọ̀ mọ́ ọ̀pá tí wọ́n sì ń yọ kúrò. Bàbá nìkan ni kò ní. Kò sì sẹ́ni tó rántí ṣe é fún un, tàbí kò sẹ́ni tó láyà láti ṣe é.

Ó ní kí Abùná bu díẹ̀ fún òun. Abùná bu díẹ̀, ó fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan, ó yọ irin tirẹ̀, ó sì dúró, ọ̀pá lọ́wọ́, kò mọ ohun tó yẹ kí òun ṣe. Bàbá gbà á bẹ́ẹ̀, ó fi í sẹ́nu. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó fún un lórúkọ ti wọlé lọ, egungun ló kù. Àyà ló fi fẹ́ ẹ, gbogbo bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ ló ń mì. Ohun tó jáde rí wúruwùru, ó nípọn lápá kan, ó tẹ̀ lápá kejì. Akọ́ṣẹ́ tó bá ṣe irú rẹ̀, Bàbá ì bá ti fọ́ ọ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Ẹni tó ń ṣe ọrùn na ọwọ́ láti gbà á. Bàbá ò tíì gbé e fún un. Ó fa apá ẹ̀wù rẹ̀ bo ọwọ́, ó fi di ẹnu ọ̀pá mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún. Ó nù ún yípo, ó sinmi, ó mí, ó tún nù ún. Ìgò náà ń tutù lọ lórí ọ̀pá, pípọ́n rẹ̀ ń kú bọ̀ láti etí. Gbogbo wọn rí i. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kó yára.